Ràkúnmí Ti Tún Kúnlẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, 5 Ọ̀wàrà 2025

Ohun tó bàjẹ́, àti àwọn tó mọ̀.

Ràkúnmí ń kúnlẹ̀. Orúkọ tí mo sọ láàpútọ́ọ̀pù yìí nìyẹn látọjọ́ tí àbúrò mi Abdulfattah ti fi ránṣẹ́ láti Kánádà: ó wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ó ń mu iná bí ẹni tó fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá. Láàpútọ́ọ̀pù oní-géèmù ni, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Bó ṣe ń ṣe é: àwòrán á kọ́kọ́ dúró gbagidi. Ìlà aláwọ̀ ewé á fà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fáànù á pariwo bí ẹ̀rọ ata. Òkùnkùn. Ó ti kúnlẹ̀ nìyẹn.

Ta ló mọ̀? Fátà mọ̀ — èmi nìkan ló kù tí mò ń pe Abdulfattah bẹ́ẹ̀. A jọ wà lójú ọ̀nà nínú géèmù nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó rí tírélà pupa mi tó dúró sáàrin títì bí òkú ẹran. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Irọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í kun ojú ẹ̀rọ ní ewé. Toyyib tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàngó mọ̀: mo gbé e lọ bá a lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ó ní ó tán. Kò tán. Èmi náà mọ̀, mo kàn ń wo ibòmíràn, torí mo mọ bí ìrọ̀lẹ́ ilé yìí ṣe máa rí tí Ràkúnmí ò bá sí.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Lẹ́yìn Àlàásárì títí di Ìṣáì, èmi àti Fátà ń wa tírélà nínú géèmù. Tèmi níwájú, tirẹ̀ aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn. Ẹrù tòmátì, ẹrù símẹ́ǹtì, ìlú àwọn òyìnbó tí a ò mọ̀. Ó máa ń ṣe é kó tó lọ síbi iṣẹ́. Látìgbà tí Baba ti kú ní Oṣù Ọ̀pẹ, òun nìkan ló ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ilé Baba yìí, ní Basin ní Ìlọrin, yàrá mẹ́fà. Márùn-ún wà ní títì.

Ó gbọ́dọ̀ dá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Ó kúnlẹ̀ kí ìrẹsì mi tó jinná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà

Mo ti pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta bí a ti ń ṣe ní ọ́fíìsì. Sọ́fítíwíà. Ooru. Irin. Ẹnì kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan — èmi, Toyyib, Toyyib.

Lónìí, sọ́fítíwíà. Mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ń kọ àìsàn ara rẹ̀ sí. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀ lójoojúmọ́: sọ́fítíwíà tó ń darí àwòrán dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ti padà bọ̀ sípò. Kò padà sípò níbì kankan! Ẹ̀rọ yìí náà ti mọ bí wọ́n ti ń fi ìròyìn rere ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó jọ àwọn ọmọ tó ń pín ọjà fún mi.

Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i. Ó kúnlẹ̀. Mo yọ tuntun, mo wá ti àtijọ́. Ó kúnlẹ̀. Mo dín ẹwà àwòrán kù débi pé igi inú géèmù dà bí ìgbálẹ̀ tó gbó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kúnlẹ̀. Mo sàmì sí èyí. Tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín, ó ń pẹ́.

Fátà pè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ jàre, ká kàn máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Mo ní rárá. Lórí fóònù, á ní ṣé àlàáfíà ni, èmi á ní àlàáfíà ni, á ní iṣẹ́ ńkọ́, èmi á ní iṣẹ́ ń lọ. Ó parí. Ṣùgbọ́n tí títì bá wà níwájú àwa méjèèjì, tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ á kàn máa jáde fúnra rẹ̀. Ojú títì ló ti sọ fún mi pé òun ò lè jẹ ẹja mọ́. Ojú títì ló ti bi mí bóyá Baba pe orúkọ òun kó tó kú.

Ó pè é. Mo sọ fún un. A wa ọkọ̀ lọ títí Ìṣáì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn dára.

Àlàmísì, 9 Ọ̀wàrà

Mo gbé Ràkúnmí lọ sí Ṣàngó kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Toyyib gbé e sétí, ó mì í bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò. Ó ní ooru ni.

"Àlàájà, pẹ̀lú oòrùn Ìlọrin yìí, èèyàn gan-an ń kúnlẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ẹ̀rọ."

Mo ní nígbà wo ló máa ṣetán. Ó ní ọ̀la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Mo ní kó fi Ọlọ́hun sílẹ̀ ná, kó sọ aago fún mi.

"Àsítàgfírúlláhì, Àlàájà!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní aago mẹ́rin ọ̀la.

Orúkọ rẹ̀ látòní: Ọ̀gá Ó-Dọ̀la.

Jímọ̀, 10 Ọ̀wàrà

Aago mẹ́rin. Ó dọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀wàrà

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó lọ síbi súnà, ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yẹ kó ti sọ fún mi. Ìkankan nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í sọ fún èèyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Kò sí Ràkúnmí, nítorí náà mo wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Oyì lọ ra iṣu. Mi ò nílò iṣu. Mo kàn fẹ́ kí n wà níbi tí àwọn èèyàn ti ń pariwo.

Obìnrin tó ń tà á bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nílé, kó lè mọ iye tó máa dì fún mi. Mo ní a pọ̀. Ó di púpọ̀. Mo gbé e wálé, mo tò ó sí yàrá tó ṣófo jù.

Ọjọ́rú, 15 Ọ̀wàrà

Ó ṣì dọ̀la.

Ìrọ̀lẹ́ gùn. Mo jẹun ní ìdúró nínú kíṣìnnì, torí tí mo bá tẹ́ tábìlì, àga tó kù á máa wò mí. Mo gbá àgbàlá tí mo ti gbá láàárọ̀. Ládàánì mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́yìn ògiri wa kọjá lẹ́nu géètì. Àfáà Mùkáílà. Ó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún. Ó dúró, ó kí mi: "Ọmọ Bàbá Rere, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúà fún Baba. Àdúà rẹ̀ máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé nǹkan ló fẹ́ gbà. Mo mú iṣu méjì fún un. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó rí ohun tó wá gbà.

Mo ti kí èèyàn kan lónìí, yàtọ̀ sí àwọn ibi iṣẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Jímọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Ọ̀gá Ó-Dọ̀la pè pé ó ti tán! Ó tú u, ó gbọn eruku inú rẹ̀, ó fi ọ̀rá tuntun sí orí káàdì àwòrán. Mo ní mi ò ní gbé e lọ títí màá fi rí i tó ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ látìgbà tí a ti kírun Jímọ̀ tán títí Àlàásárì fi kù díẹ̀. Mo wa tírélà láàrin àwọn ọmọkùnrin tó wá tún fóònù ṣe. Wọ́n pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan ní, "Ìyá yìí mọ ọkọ̀ wà ju ọ̀gá ọlọ́kadà wa lọ." Kò kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Toyyib na ọwọ́ sí i bí ẹni tó ń ta ẹṣin: "Ẹ wò ó! Ó ń sáré bí ẹṣin ọjọ́ Iléyá!"

Mo dúpẹ́. Mo tọrọ àforíjì díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Mo ránṣẹ́ sí Fátà láti inú kẹ̀kẹ́: *Lónìí. Lẹ́yìn Àlàásárì. Má pẹ́.*

Ó dé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti padà sójú títì o." Mo rẹ́rìn-ín sókè, nínú ilé yìí.

Mọ̀gàríbì kù díẹ̀ — ìlà ewé. Òkùnkùn.

Mo jókòó síbẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ta ni màá bú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ọ̀wàrà

Mo pe Toyyib. Ó kẹ́dùn. Ó ní, "Àlàájà, bóyá ilé ni kò bá a lára mu. Ẹ jẹ́ kí àfáà kan ka nǹkan sí i." Mo ní kó ka ìwé tó wà nínú páálí láàpútọ́ọ̀pù náà sí i. Mo pa fóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jáde lọ́kàn mi. Kì í ṣe kíkà. *Ilé.*

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀wàrà

Ràkúnmí kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi tàn án padà lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ búlúù ti lọ jìnnà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá já kúrò nínú géèmù, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á tan iná ẹ̀yìn, á dúró dè mí. Lónìí kò dúró. Ó kọ ọ́ sí mi: *Àǹtí, ẹ sinmi lónìí. Mo ní iṣẹ́.*

Mo fèsì: *Kò burú.*

Ó burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ọ̀wàrà

Mo gbé Ràkúnmí lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́, mo tàn án sórí tábìlì tí a ti ń pín ọkọ̀ tó ń kó ọjà. Ayọ̀délé tó ń ṣe ìṣirò owó wa dúró wò mí, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Mo jẹ́ kó wakọ̀ díẹ̀, ó fi tírélà mi gbá òpó iná. Mo gba nǹkan mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò kúnlẹ̀.

Ayọ̀délé ní, "Màdáámù, ẹ̀rọ yìí mọ ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ẹ kúkú gbé bẹ́ẹ̀dì wá." Mo ní kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó lọ. Òun rí ẹni tó ń dúró dè é nílé.

Ó dára. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dá. Ní ọ́fíìsì, ó dá. Nílé, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà, sọ́fítíwíà kan náà, ooru kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó ń jẹ. Iná ilé wa ni.

Ó yẹ kí n ti rí èyí lọ́jọ́ kìíní. Tí ọjà bá bàjẹ́ níbì kan ṣoṣo, ọkọ̀ kọ́ la ń bi léèrè, ọ̀nà la ń bi.

Àlàmísì, 23 Ọ̀wàrà

Mo yọ ṣájà. Lórí bátìrì nìkan: àwòrán kò mọ́, ọkọ̀ ń falẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúnlẹ̀ títí bátìrì fi ń tán lọ. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́. Mo yọ hẹ́ẹ̀dfóònù kúrò létí fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ń wo gílóòbù ara ògiri dípò títì.

Gílóòbù rẹ̀wẹ̀sì. Díẹ̀. Bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ràkúnmí kúnlẹ̀.

Mo ti rí i! Káàdì àwòrán ń sáré tagbáratagbára, iná já wálẹ̀, ṣájà jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹrù náà bọ́ sórí bátìrì lójijì, bátìrì kò lè gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dín ẹwà àwòrán kù.

Ta ló ń fa iná? Mo pa fíríìjì. Mo pa fírísà Baba tó wà lẹ́yìn, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tí mi ò sì tíì lè pa láti ọjọ́ náà. Gílóòbù tún rẹ̀wẹ̀sì.

Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé mo rí i. Mo pe Fátà, kò gbé e. Mo kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ọ̀wàrà

Mo pa gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé. Gbogbo rẹ̀. Mo jáde lọ wo mítà. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú wéréwéré, bí ojú ẹni tó ń purọ́.

Ilé tó ṣófo kì í jẹun báyìí. Olè ni. Ẹnì kan ti so wáyà mọ́ tiwa.

Ọ̀la, màá mú un.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Ọ̀wàrà

Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Mo fẹ́ pa súwíìṣì àgbà, kí n wá wo ilé tí òkùnkùn máa bá. Ètò tó rọrùn. Mo dúró kí ìrọ̀lẹ́ dé, kí iná àwọn èèyàn tàn, kí n lè rí i dáadáa.

Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ògiri, *gìrìrìrì*. Mo ti gbọ́ ọ rí, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ àkùkọ. Lẹ́yìn náà, ìpè ìrun Mọ̀gàríbì. Mo fa súwíìṣì wálẹ̀.

"Háyyà àlàs-sọ—"

Ó gé.

Kì í ṣe ilé kankan ló ṣókùnkùn. Mọ́sálásí ni. Ẹ̀rọ omi dákẹ́. Gbohùngbohùn dákẹ́. Gbogbo àdúgbò dákẹ́, tàbí ó ṣe mí bí ẹni pé ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Àfáà Mùkáílà fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bá ìpè náà lọ láti ibi tí mo ti já a.

Ọwọ́ mi ṣì wà lórí súwíìṣì. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó kí n tó gbé e padà.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ọ̀wàrà

Àfáà Mùkáílà wá lẹ́yìn Àlàásárì. Ó ṣe sàláámà láti ẹnu géètì, ó kọ̀ láti jókòó. Ó rò pé mo mọ̀. Ó rò pé ìbínú ni mo fi pa á.

Ó ní, "Ọmọ Bàbá Rere, tí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè wá, ẹ bú wa, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gé ìpè Ọlọ́hun sí méjì. Ọkàn mi fò lánàá. Mo rò pé ọjọ́ mi ló pé."

Mo ní wáyà ta ni. Ó wò mí. Ó wá yé e pé mi ò mọ̀ rárá.

Ó ní Baba ni. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ mọ́sálásí náà. Baba fúnra rẹ̀ ló fa wáyà láti ẹ̀yìn mítà wa, ó gba abẹ́ ògiri kọjá. Sàráà tí kì í tán, tí ẹ̀san rẹ̀ á máa bá a nínú sàréè. Ó sì bẹ̀ wọ́n pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ síta, onítọ̀hún ti bu nínú ẹ̀san òun. Wọn ò sọ ọ́. Ẹ̀rọ omi kékeré ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni Hájíà Asabe tó ń kírun níbẹ̀ ra ńlá fún wọn fún omi àlùwàlá. Àwọn ò mọ̀ pé ó ń dà mí láàmú.

Mo ní, "Gbogbo àdúgbò ló mọ̀?"

"Gbogbo wa."

"Èmi ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Baba ní kí ẹ̀yin má mọ̀."

"Kí ló dé?"

"Baba ní ẹ máa béèrè àkókò tí a ó máa tàn án, àti ẹni tó máa máa bójú tó o. Ó ní ẹ máa ní ká buwọ́ lùwé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín ẹni tó rántí ọ̀rẹ́ ni.

Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní, "Abdulfattah náà mọ̀. Òun ló di àkàbà mú fún Baba nígbà tí wáyà tó lọ sí gbohùngbohùn já."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ọ̀wàrà

Mo pe Fátà títí ó fi gbé e.

Mo ní, "Ṣé ò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ omi mọ́sálásí tí mo bá wà lórí géèmù?"

Ó ní, "Mò ń gbọ́, Àǹtí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti dún, mo ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ já kúrò."

Ó mọ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń yọ sọ́fítíwíà, tí mo ń bá Toyyib jà, tí mò ń wo mítà bí ọdẹ — ó mọ̀. Mo béèrè ìdí. Ó ní Baba mú òun búra. Mo ní Baba ti kú. Ó ní ìdí gan-an nìyẹn.

Mo bú u. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ. Ó jẹ́ kí n bú u tán, lẹ́yìn náà ó ní:

"Tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa gé e. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa pe oníwáyà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àǹtí, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ín. Èmi kọ́ ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi kọ́ ni mo gbé e. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe é lóore, wáyà yẹn nìkan ni ọwọ́ mi kàn. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo pa fóònù.

Nítorí náà, bó ṣe rí nìyí: ládàánì mọ̀, Hájíà mọ̀, gbogbo ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ògiri mọ̀. Àbúrò mi mọ̀ láti òdìkejì òkun. Ilé tí mò ń gbé, iná tí mò ń tàn, bàbá tí mo tọ́jú títí ó fi mí èémí ìkẹyìn. Èmi nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ó sì mọ̀ mí, Baba. Màá ní kí wọ́n buwọ́ lùwé.

Ọjọ́rú, 29 Ọ̀wàrà

Mi ò gé e.

Jímọ̀, 31 Ọ̀wàrà

Oníwáyà dé lásìkò. Ẹnì kan ní Ìlọrin lè ṣe é! Ó fa ọ̀nà tuntun fún mọ́sálásí láti ara mítà, ó fún un ní súwíìṣì tirẹ̀, kó má bá ilé lo wáyà kan náà mọ́. Mo ra sítébíláísà tó ń mú iná dúró déédéé fún Ràkúnmí. Mo sọ fún Àfáà Mùkáílà pé iná Baba á máa tàn bó ṣe ń tàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fa omi kún táǹkì lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Àkókò nìyẹn. Ìwé tí a ó buwọ́ lù ńkọ́?" Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Mo rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí. Ó dùn mí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Àlàásárì, mo tan Ràkúnmí. Mo gbé gbogbo ẹwà àwòrán padà sókè. Ewé igi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi òjò ń ṣàn lára gíláàsì ọkọ̀. Mọ̀gàríbì kọjá. Mo dìde, mo kírun, mo padà dé: ó ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣáì dé. Kò kúnlẹ̀.

Fátà kò wá. Mo dá wa ẹrù náà dé ibi tí wọ́n ń já a sí. Mo gbé ọkọ̀ sẹ́yìn, mo tò ó sáàyè rẹ̀ gééré.

Ẹ̀rọ ti dá. Mo ti jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ báyìí. Mo ti rò pé ẹ̀rọ nìkan ló bàjẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Bélú

Fátà: *Ó ti dá? Àlùbáríkà o. Mo wà níbi iṣẹ́. Ó dọ̀la.*

Òun náà.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Bélú

Ó wá lónìí. Ọkọ̀ búlúù lẹ́yìn mi, bí àtẹ̀yìnwá. Kò mẹ́nu kan Baba, kò mẹ́nu kan wáyà. Ó ní ẹrù wa wúwo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òjò ń rọ̀. Mo ní mo rí i. Ojú títì náà ti wá dà bíi fóònù. A wakọ̀ bí ẹni tó ń tẹ̀lé ara wọn lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́, kò sí ìlà ewé, kò sí òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè sá sí.

Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Ó lọ. Mo pa Ràkúnmí, mo ronú, mo wá kọ èyí ránṣẹ́ sí i. Mo dà á kọ síbí kó má baà sọ pé mi ò sọ ọ́.

*Abdulfattah,*

*Mi ò gé wáyà Baba. O rò pé màá gé e, ìdí nìyẹn tí o fi fi mí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó wà lára ògiri, ó ní súwíìṣì tirẹ̀, á máa tàn. Ọ̀rọ̀ yẹn parí.*

*Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Wálé.*

*Má sọ pé ìwé ìgbélùú. Ìwé rẹ ti jáde láti Oṣù Agẹmọ, o sọ ọ́ lójú títì, o tètè yí ọ̀rọ̀ padà, o rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Má sọ pé iṣẹ́. Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Má sọ pé ojú ń tì ọ́ nítorí ìsìnkú. Mo mọ̀ pé ó ń tì ọ́. Wá jẹ́ kó tì ọ́ níbí, lójú mi, ká jọ jẹun.*

*Àdúà ọdún Baba jẹ́ Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Ọ̀pẹ. Mi ò ní dá jókòó síwájú àwọn àfáà. Mi ò ní dá gba àlejò. Mo ti dá ṣe ti ọjọ́ ìsìnkú, mo ṣe é dáadáa, gbogbo èèyàn ló yìn mí, nígbà tí wọ́n lọ tán mo dá kó àga wọlé. Mi ò ṣe irú ẹ̀ mọ́.*

*Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ rí. Kì í ṣe ìlérí, kì í ṣe "bí Ọlọ́hun bá fẹ́", kì í ṣe ó dọ̀la. Orúkọ rẹ lórí rẹ̀, ọjọ́ tí wàá gúnlẹ̀ lórí rẹ̀. Kó dé orí fóònù mi ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, 7 Bélú, kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ ní Ìlọrin. Aago Ìlọrin, kì í ṣe aago Kánádà.*